Jẹ́sì kan ṣoṣo ní Tokyo: ọ̀nà tí ẹrù ń gbà ní kílọ́ọ̀bù wa ló yẹ ká tún là

Ẹ ó rántí fídíò yẹn. Oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni, nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì ń lọ lọ́wọ́ ní Tokyo. Chukwuebuka Enekwechi, ọmọ Nàìjíríà tó ń díje nínú shot put, ti yege wọ ìpele àṣekágbá. Àfi bí a ṣe rí i tó ń fi ọwọ́ fọ jẹ́sì rẹ̀, nítorí pé ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bú ìjọba, àwọn míì ní ìtìjú gbáà ni. Oṣù yẹn kan náà ni Puma fòpin sí àdéhùn aṣọ tó ní pẹ̀lú AFN, ìyẹn àjọ tó ń darí eré orí pápá ní Nàìjíríà, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń jà tipẹ́ lórí ẹni tó láṣẹ nínú àjọ náà.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní Rio lọ́dún 2016, aṣọ ìdíje tó yẹ kó bá àwọn eléré wa dé Brazil, ìgbà tí ìdíje ku ọjọ́ díẹ̀ kó parí ló tó dé. Kì í sì í ṣe ìgbà ìkẹyìn. Ní Paris lọ́dún 2024, Ese Ukpeseraye tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje ní láti yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ikọ̀ Jámánì kó tó lè kópa, torí pé àsìkò ti lọ kó tó gbọ́ pé àyè ti yọ fún òun nínú ìdíje náà. Paris yẹn náà ni Favour Ofili ti mọ̀ pé òun ò ní sá eré 100 mita tí òun yege fún, nítorí pé wọn ò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè tí gbogbo wa máa ń bi ni: ta ló kó owó jẹ? Ìbéèrè tó dáa ni, mi ò ní ká má bi í. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tá a kì í bi, òun ni mo sì fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí. Jẹ́sì kan, láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á títí tó fi dé ara ẹni tó máa wọ̀ ọ́, ọwọ́ èèyàn mélòó ló ń gbà kọjá? Ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀? Ta ló mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kó tán?

Ká tó dé Òlíńpíìkì, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé, nínú sítọ́ọ̀ kílọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ń kó jẹ́sì, bọ́ọ̀lù àti oògùn sí. Àìsàn kan náà ni, ìwọ̀n rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tọ jẹ́sì kan lẹ́yìn

Kílọ́ọ̀bù 20 ló ń gbá líìgì NPFL, kálukú wọn sì ń gbá ìdíje 38 ní sáà kan. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Mi ò bá kílọ́ọ̀bù kankan wí o. Ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàpèjúwe yìí, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní kílọ́ọ̀bù tàbí ní ilé iṣẹ́ ìjọba rí yóò dá a mọ̀.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá ní jẹ́sì ti gbó. Ó sọ fún máníjà ikọ̀. Máníjà kọ̀wé sí akọ̀wé kílọ́ọ̀bù, akọ̀wé gbé e lọ bá alága, alága ní kí wọ́n dúró de owó ìjọba. Oṣù mẹ́ta kọjá. Owó dé, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni wọ́n bá sáré pe kọńtírákítọ̀. Ọjọ́ tí ẹrù dé, sítọ́ọ̀kípà ti lọ sílé, wọ́n bá já a sí ọ́fíìsì akọ̀wé. Kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, àlejò pàtàkì kan ti gba méjì, ọmọ ọ̀gá kan ti gba ọ̀kan, ẹnì kan tún ti mú mẹ́ta torí pé "wọ́n máa nílò ẹ̀ ní mínísírì." Ohun tó kù ló dé sítọ́ọ̀. Sítọ́ọ̀kípà kọ iye tí ojú ẹ̀ rí sínú ìwé. Kò sẹ́ni tó fi ìwé iye tí wọ́n rà hàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn agbábọ́ọ̀lù gba tiwọn. Wọ́n bọ́ ọ lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n jù ú sínú àpò ńlá kan, alágbàfọ̀ gbé e lọ. Ó gbé e padà lọ́jọ́ kejì. Ṣé ẹnì kan kà á kó tó gbé e lọ? Rárá. Ṣé ẹnì kan kà á nígbà tó gbé e dé? Rárá o.

Ẹ wò ó dáadáa. Kọńtírákítọ̀, akọ̀wé, sítọ́ọ̀kípà, agbábọ́ọ̀lù, alágbàfọ̀: ọwọ́ márùn-ún ló kan jẹ́sì yẹn. Ìwé kan ṣoṣo ló wà. Ìwé yẹn náà, àárín ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìparí sáà, wọ́n á ní jẹ́sì ò pé. Ta ni wọ́n máa mú? Wọn ò ní mú àlejò pàtàkì. Sítọ́ọ̀kípà ni wọ́n máa pè lólè, tàbí kí wọ́n yọ owó jẹ́sì kúrò nínú owó oṣù agbábọ́ọ̀lù tó kéré jù nínú ikọ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti abúlé tí kò lẹ́nu láti fi jà. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Tí ọ̀nà iṣẹ́ bá ṣókùnkùn, ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ló máa ń san gbèsè ẹni tó lágbára.

Ìṣirò tí orí kan ò lè gbé

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní agbábọ́ọ̀lù 30 ló wà nínú ikọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní jẹ́sì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, méjì fún ìdíje nílé, méjì fún ìdíje lẹ́yìn odi. Jẹ́sì méje fún ẹnì kan, ó di 210. Tá a bá fi ṣòkòtò àti ìbọ̀sẹ̀ tó bá wọn mu kún un, ó di 630. A ò tíì ka bọ́ọ̀lù, kóònù, báńdéèjì, sípíréè tí wọ́n ń fọ́n sí ẹsẹ̀ tó ń dùn, àti oògùn.

Ká ní jẹ́sì mẹ́wàá péré ló ń sọnù lóṣù kan. Mẹ́wàá nínú 210, kò ní jọ ẹnikẹ́ni lójú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, 100 ti lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa mọ̀, ìdíje ti ku ọjọ́ méjì, ẹ ó sáré lọ ra èyí tó bá wà lọ́jà, ní iye tí ọlọ́jà bá sọ. Ẹni tó ń sáré rajà kì í ná an.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀lù. Òfin eré bọ́ọ̀lù ní kí bọ́ọ̀lù ìdíje wọ̀n láti 410 dé 450 gíráàmù, kí òbírí rẹ̀ jẹ́ 68 sí 70 sẹ̀ǹtímítà. Kílọ́ọ̀bù tí kò bá mọ ọjọ́ tó ra bọ́ọ̀lù wo, èyí tó ti wú àti èyí tó ti rọ̀ ni wọ́n máa máa fi ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ ìdíje á dé, ọmọ á gbá bọ́ọ̀lù tuntun, á lọ sókè, àwọn olólùfẹ́ á ní kò mọ bọ́ọ̀lù í gbá.

Ti oògùn ló wá burú jù. Oògùn ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa parí. Nínú òfin tó de lílo oògùn olóró nínú eré ìdárayá, ohunkóhun tí wọ́n bá bá nínú ara eléré, òun fúnra rẹ̀ ló máa dáhùn fún un, ì báà jẹ́ dókítà kílọ́ọ̀bù ló fún un. Tí kò bá sí ìwé tó sọ oògùn tó jáde, ọjọ́ tó jáde àti ẹni tó gbà á, kí ni ọmọ náà máa fi gbèjà ara ẹ̀?

Ẹ má tíì ra áàpù

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa sọ: "Ẹ̀gbọ́n, ká ra áàpù. Ká kó gbogbo ẹ̀ sórí Excel. Ó parí." Ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Ford fún yín.

Láàárín ọdún 1980 sí 1990, ẹ̀ka tó ń san owó fún àwọn tó ń ta ẹrù fún Ford ní Àríwá Amẹ́ríkà ní òṣìṣẹ́ tó lé ní 500. Àwọn ọ̀gá rò pé táwọn bá gbé kọ̀ǹpútà tuntun wọlé, àwọn á dín wọn kù sí 400. Inú wọn ń dùn. Àfi bí wọ́n ṣe yọjú sí Mazda ní Japan, tí wọ́n rí i pé èèyàn márùn-ún péré ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn níbẹ̀. Lóòótọ́, Mazda kéré sí Ford, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yẹn kọjá ti pé ọ̀kan kéré, ọ̀kan tóbi.

Kí ló fà á? Ní Ford, ìwé mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ bára mu kí wọ́n tó sanwó: ìwé tí wọ́n fi ní kí wọ́n kó ẹrù wá, ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí ẹrù dé, àti ìwé tí ọlọ́jà fi béèrè owó. Èyí tó pọ̀ jù nínú àsìkò àwọn òṣìṣẹ́ ló ń lọ sórí ìwé tí kò bára mu. Ford bá yí ọ̀nà iṣẹ́ fúnra rẹ̀ padà. Tí wọ́n bá ti pàṣẹ ẹrù, wọ́n á kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Tí ẹrù bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹni tó ń gbà á á yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó bára mu? Gbà á, owó á jáde. Kò bára mu? Dá a padà. Wọn ò dúró de ìwé ọlọ́jà mọ́. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ náà ń gbà dín kù ní ìdá 75 nínú 100. Michael Hammer kọ ìtàn yìí sínú ìwé ìròyìn Harvard Business Review lọ́dún 1990, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò sì le: tí ọ̀nà kan bá ti wọ́, má kàn gbé kọ̀ǹpútà lé e lórí, tún ọ̀nà náà là.

Tẹ́ ẹ bá gbé áàpù fún kílọ́ọ̀bù tí ẹrù ti ń gba ọ́fíìsì akọ̀wé kọjá kó tó dé sítọ́ọ̀, irọ́ tó wà nínú ìwé náà ló máa wà nínú fóònù.

Alájọ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́

Àwa náà kúkú ní ọgbọ́n yìí nílé. Ẹ wo alájọ. Ó ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà ní káàdì tiẹ̀ lọ́wọ́, alájọ ní ìwé tiẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá jáde, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa fa ilà sí méjèèjì. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "màá kọ ọ́ tó bá dalẹ́." Tí àríyànjiyàn bá dé, wọ́n á kó káàdì àti ìwé jọ, ọ̀rọ̀ parí. Ìwé méjì, ọwọ́ méjì, àsìkò kan náà. Tí sítọ́ọ̀ kílọ́ọ̀bù bá lè ṣe ohun tí alájọ ń ṣe lábẹ́ òòrùn, a ti dé ìdajì ọ̀nà.

Ẹ tún wo ìyá tó ń ta ìpápánu ládùúgbò. Kì í dúró kí mílíìkì tán pátápátá kó tó lọ rà á. Tó bá ti rí i pé páálí ẹ̀yìn ló kù, ó ti mọ̀ pé ọjà yá. Toyota sọ irú èrò yìí di káàdì tí wọ́n ń pè ní kanban: ibi tí ohun èlò bá ti ń tán, káàdì á padà sẹ́yìn láti sọ fún àwọn tó ń ṣe é pé kí wọ́n tún kó wá. Taiichi Ohno tó gbé e kalẹ̀ sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ilé ìtajà ńláńlá Amẹ́ríkà lòun ti rí ọgbọ́n rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kó ọjà tuntun dípò èyí tí oníbàárà bá mú kúrò lórí pẹpẹ.

Ọ̀nà tuntun náà nìyí

Àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà kan. Gbogbo ẹrù tí kílọ́ọ̀bù bá rà, sítọ́ọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀. Kò sí ọ́fíìsì akọ̀wé, kò sí búùtù ọkọ̀ alága. Tí sítọ́ọ̀kípà ò bá sí níbẹ̀, kí kọńtírákítọ̀ padà wá.

Èkejì, ọwọ́ mẹ́ta. Ẹni tó pàṣẹ ẹrù kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbà á, ẹni tó ń gbà á kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń sanwó. Kí ẹ̀dà ìwé àṣẹ sì ti wà lọ́wọ́ sítọ́ọ̀kípà kí ẹrù tó dé. Tí ìwé bá sọ pé 60, tí 54 bá dé, 54 ni kó kọ, owó 54 ni kó jáde.

Ẹ̀kẹta, nọ́ńbà. Kí jẹ́sì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kékeré nínú ọrùn rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù á fọwọ́ sí i nígbà tó bá gbà á, káàdì tiẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ bíi ti alájọ. Kí alágbàfọ̀ kà á nígbà tó ń lọ, kó kà á nígbà tó bá dé, níwájú ẹni tó ń gbà á. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò gbà.

Ẹ̀kẹrin, àmì. Ká sọ pé báńdéèjì mẹ́fà lẹ̀ ń lò lọ́sẹ̀ kan, ọlọ́jà sì máa ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gbé e dé. Ó di 18. Ẹ fi ti ọ̀sẹ̀ kan kún un nítorí ohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀, ó di 24. Ọjọ́ tó bá ku 24, ọjọ́ yẹn lẹ máa pàṣẹ òmíràn. Ẹ kọ ọ́ sára páálí náà gàdàgbà. Èyí tó bá sì kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde, pàápàá oògùn.

Ẹ̀karùn-ún, kíkà. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí ẹnì kan tí kì í ṣe sítọ́ọ̀kípà mú ohun márùn-ún, èyíkéyìí tó bá wù ú, kó kà wọ́n, kó fi wé ìwé. Kí wọ́n ka gbogbo ẹ̀ pátá lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ti àlejò pàtàkì ńkọ́? Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí kílọ́ọ̀bù fi jẹ́sì tọrẹ. Kí ojú ìwé tiẹ̀ kàn wà ni: orúkọ ẹni tó gbà á, orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n fún un, ọjọ́ tó gbà á. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò ní béèrè ìkejì tó bá mọ̀ pé orúkọ òun á wà níbẹ̀.

"Owó ni kò sí"

Òótọ́ ni, owó ìjọba máa ń pẹ́ kó tó dé, ìwé kíkọ kan ò sì lè sọ ọgọ́rùn-ún náírà di igba. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kílọ́ọ̀bù tí kò mọ iye tó ní, báwo ló ṣe fẹ́ mọ iye tó máa béèrè? Alága tó bá lọ bá kọmíṣọ́nnà tó ní "owó jẹ́sì ti tán," wọ́n á ní kó jókòó. Èyí tó bá gbé ìwé lọ, tó ní "a ra 210, 31 ti gbó, 12 sọnù, nọ́ńbà wọn rèé, 43 la nílò," ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ṣòro láti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Onígbọ̀wọ́ náà ń wò wá. Ilé iṣẹ́ wo ló fẹ́ kó aṣọ fún ẹni tí kò lè sọ ibi tí èyí tó kó wá lọ́dún tó kọjá wọlé sí?

Ẹ̀rù tún ń ba àwọn kan pé irú àtúnṣe yìí máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ní Ford, iye òṣìṣẹ́ dín kù lóòótọ́. Ní kílọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé sítọ́ọ̀kípà kan ṣoṣo ló ní, ìwé tó gún ló máa dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀, torí pé ó máa ní ẹ̀rí lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é lólè.

Ìdènà tó le jù kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe ìmọ̀. Òkùnkùn yẹn ń bọ́ àwọn kan. Ìdí nìyẹn tí àtúnṣe yìí ò fi lè jẹ́ iṣẹ́ sítọ́ọ̀kípà nìkan. Alága ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, kó sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún pé "ẹ má bínú sà, ẹ kọ orúkọ yín síbẹ̀."

Los Angeles ń bọ̀

Ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2028 ni Òlíńpíìkì máa bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles. Ẹ jẹ́ ká kà á padà sẹ́yìn bí a ṣe ka báńdéèjì lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ gbọ́dọ̀ ti wà lára eléré kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kó tó dé ara rẹ̀, ó ti gba ọwọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kọjá. Kó tó dé kọ́sítọ́ọ̀mù, ilé iṣẹ́ ti rán an. Kí wọ́n tó rán an, wọ́n ti wọn ara eléré. Kẹ̀kẹ́ náà ńkọ́? Ìwé orúkọ tí wọ́n máa fi sílẹ̀ ńkọ́? Ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, kó sì ní orúkọ ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ni mo wí, kì í ṣe ìgbìmọ̀. Ó yẹ kí àjọ eré ìdárayá kọ̀ọ̀kan lè fi ojú ìwé yẹn hàn wá, àwa oníròyìn náà sì gbọ́dọ̀ máa béèrè rẹ̀ báyìí, ká má dúró de fídíò tuntun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò láàárọ̀ Sátidé, tẹ́ ẹ dá owó ra jẹ́sì lórí WhatsApp, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ yín. Ẹ kọ nọ́ńbà sínú ọrùn jẹ́sì, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbà á, ẹ fi fọ́tò ìwé náà sínú gúrúùpù kí gbogbo yín rí i. Tó bá di ìparí oṣù tí jẹ́sì ò pé, ẹ ò ní nílò láti bá ara yín jà. Ẹ ó kàn ṣí ìwé ni.